Ẹni Tó Bá Sùn Níbẹ̀ Ni Kó Sọ̀rọ̀

3 Sẹ̀tẹ́ńbà

Òjò láti àárọ̀ kùtù. Ẹrẹ̀ ti gba gbogbo Crusher ní Lokoja níbí, àwọn oníkẹ̀kẹ́ kọ̀ láti wọ àdúgbò wa, ẹsẹ̀ ni mo fi rìn délé láti ojú títì.

Bùọ̀dá Ṣínà pè láti Àbújá kí n tó bọ́ bàtà. "Iredélé, ta la máa fún lówó Bàbá lọ́dún yìí? Ọjọ́ ìrántí wọn ti dé tán o." Bí ẹni pé mo gbàgbé! Èmi tí mò ń ṣe akọ̀wé fandéṣọ̀n, àjọ tó ń fi owó Bàbá ṣèrànwọ́, láti ọjọ́ tí a ti sin Bàbá. Ó ní kí n má bínú. Mo ti bínú ná.

Nínú gbogbo àwọn tó kọ̀wé sí wa, ẹgbẹ́ méjì ló kù. Ọ̀kan ni Abẹ́rẹ́ Wúrà ní Lokongoma, níbi tí Ìyáàfin Adérónkẹ́ ti ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin aláìníbaba ní iṣẹ́ aṣọ rírán. Janet àbúrò mi ló mú wọn wá. Èkejì ni ti Àdìjátù, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, ọmọ Oworo, ní abúlé Ìdí-Oṣè létí odò. Bí omi bá ti gba ojú ọ̀nà wọn, ọkọ̀ ojú omi onígi kan ṣoṣo ló fi ń gbé àwọn aboyún wá sí ọsibítù ní Lokoja. Ọkọ̀ náà ti gbó, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń húkọ́. Ọkọ̀ kejì ló ń tọrọ. Èmi ni mo mú un wá, òun ni mo sì fẹ́.

Owó wa kò tó ẹgbẹ́ méjì, Bàbá ò sì fẹ́ ká fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́. "Ẹ fún ẹnì kan kó yó," bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń wí. Àwa ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọ́dọ̀ fẹnu kò. Bí ẹnì kan bá ti kọ̀, ó tán. Ẹni tó bá sì mú ẹgbẹ́ wá gbọ́dọ̀ lọ sùn lọ́dọ̀ wọn mọ́jú, kó jẹ ohun tí wọ́n ń jẹ, kí wọ́n má sì mọ ọjọ́ tó ń bọ̀. Ẹni tó bá sùn níbẹ̀ ni kó sọ̀rọ̀. Janet ní òfin àtijọ́ ni. Mo ní kó lọ sọ ìyẹn lójú oórì Bàbá. Bàbá fúnra wọn sùn lórí ẹní lọ́dọ̀ àwọn afọ́jú kan ní Kàbbà kí wọ́n tó fún wọn ní kọ́bọ̀. Mo máa ń fi ìyẹn yangàn níbi gbogbo.

7 Sẹ̀tẹ́ńbà

Janet ti lọ sùn ní Abẹ́rẹ́ Wúrà. Láti Lokongoma tí ilé rẹ̀ wà sí Lokongoma! Ó ní yàrá àlejò wọn tutù nini, ẹ̀rọ amúlétutù ń ṣiṣẹ́, wọ́n sì fi adìyẹ àti ìrẹsì ṣe é lálejò.

Mo ní, "Ṣé adìyẹ yẹn làwọn ọmọ náà jẹ?"

Ó ní, "Àǹtí, ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀!" Ló bá yí ọ̀rọ̀ padà sí iye tí tòmátì di lọ́jà. Mo rẹ́rìn-ín títí ikùn ń dùn mí. Òtẹ́ẹ̀lì ni àbúrò mi lọ, ó ń pè é ní ìbẹ̀wò.

11 Sẹ̀tẹ́ńbà

Gbogbo ẹnu ló ń sọ pé omi ń bọ̀. Lítà epo kan ti kọjá ẹgbẹ̀rún náírà lọ́wọ́ àwọn tó ń fi kẹ́ẹ̀gì tà á.

Mo pe Àdìjátù. Ó fi ìkíni àdúgbò wọn kí mi: "Okun o, Ìyá Ọlámidé! Mo gbọ́ pé ẹ fẹ́ wá sùn lọ́dọ̀ wa." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n mi ò ní sọ ọjọ́, bí òfin wa ṣe rí nìyẹn. Ẹ̀rín pa á. "Ta ló máa gbé yín sọdá? Ọ̀nà ti lọ sábẹ́ omi. Bí ẹ ò bá sọ ọjọ́, ẹja lẹ máa bá sùn."

Òtítọ́ ló sọ. Mo dá ọjọ́ fún un. Bàbá á fojú fo ìyẹn.

18 Sẹ̀tẹ́ńbà

Mo fẹ́ kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀, kí n má baà parọ́ fún ara mi lọ́la.

Àná ni Mùtàlíbù, ọ̀dọ́kùnrin tó ń wa ọkọ̀ fún Àdìjátù, wá gbé mi. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Orí oko àgbàdo la gbà kọjá, mo ń rí ewé rẹ̀ lábẹ́ omi. Gbogbo abúlé ló jáde sí èbúté. Okun o, okun o! Wọ́n ti pa adìyẹ, wọ́n ti gún iyán. Mo ní ohun tí wọ́n bá ń jẹ ni kí wọ́n fún mi, ibi tí wọ́n bá ń sùn ni kí n sùn. Àdìjátù ní, "Ìyá Ọlámidé, ṣé ẹ fẹ́ kí ayé bú mi ni?" Ó gbé mi sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, òun alára tẹ́ ẹní sílẹ̀. Ìyábọ̀, ìyàwó Mùtàlíbù, ló gbé omi ìwẹ̀ wá fún mi tòun ti oyún ńlá níwájú. Mo já garawa gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní, "Ìgbà wo là ń retí?" Ó ní, "Ó di oṣù tó ń bọ̀, Mà," ó ń fi ọwọ́ bo ẹ̀rín.

Lẹ́yìn oúnjẹ ni Àdìjátù bi mí pé kí ni mo máa ń jẹ láàárọ̀. Ẹnu mi yìí! Mo ní, "Tíì àti búrẹ́dì ni tèmi, iṣẹ́ ìjọba ló kọ́ mi." Ó ní, "Ó wà." Mo sì gbà á gbọ́. Níbo ni búrẹ́dì fẹ́ gbà dé Ìdí-Oṣè nígbà tí omi yí wọn ká?

Láàárọ̀ òní, ìró ẹ́ńjìnnì ló jí mi. Mo rò pé aboyún kan ni ọkọ̀ ń lọ gbé. Inú mi dùn, mo ti ń to ọ̀rọ̀ tí mo máa sọ fún Bùọ̀dá. Oòrùn ti mú dáadáa nígbà tí mo gbọ́ igbe Ìyábọ̀ lẹ́yìn ilé. Ẹ̀jẹ̀ ni, kì í sì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ìrọbí. Àdìjátù wò ó lẹ́ẹ̀kan, ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní ibi ọmọ ló ti já kúrò nípò rẹ̀, ọsibítù nìkan ló lè gbà á.

"Ọkọ̀ dà?" Èmi ni mo béèrè. Èmi náà ni mo pariwo. "Àdìjátù, ọkọ̀ dà? Ṣebí torí irú èyí lẹ ṣe ní ọkọ̀!"

Aṣọ ni Àdìjátù ń dì mọ́ Ìyábọ̀. A pe fóònù Mùtàlíbù, kò wọlé. Wọ́n yọ ilẹ̀kùn kan, wọ́n fi gbé e lọ sí èbúté, gbogbo wa dúró, à ń wo omi. Ìyábọ̀ ń pe orúkọ ọkọ rẹ̀. Nígbà tó yá, kò pè é mọ́.

Lẹ́yìn náà la gbọ́ ẹ́ńjìnnì. Mùtàlíbù nìkan ló wà nínú ọkọ̀. Ó fi ọwọ́ kan tọ́ ọ, ó na ọwọ́ kejì sókè gan-an kí omi má baà ta sí ọ̀rá dúdú tó dì mú. Ó ti rí mi lókèèrè, ó ń rẹ́rìn-ín sí mi. Búrẹ́dì ló wà nínú ọ̀rá yẹn.

Èmi àti Àdìjátù la bá wọn wọ ọkọ̀. Orí Ìyábọ̀ wà lórí ẹsẹ̀ mi. Ẹ́ńjìnnì kú lẹ́ẹ̀kan lójú omi, Mùtàlíbù fà á, ó fà á, ó ń sunkún ó ń fà á, kó tó jí. Wọ́n gba Ìyábọ̀ là. Ọmọ ò yè. Ọkùnrin ni.

Nígbà tí mo délé tí mo tú báàgì mi, mo bá búrẹ́dì náà níbẹ̀. Mi ò mọ ẹni tó fi í sí i fún mi.

20 Sẹ̀tẹ́ńbà

Búrẹ́dì ti hu ebu. Mi ò lè jẹ ẹ́, mi ò sì lè jù ú nù.

24 Sẹ̀tẹ́ńbà

Mo gbé ọbẹ̀ ẹja lọ fún Ìyábọ̀ ní ọsibítù. Ojú oorun ló wà. Àdìjátù jókòó tì í, Mùtàlíbù dúró lójú fèrèsé. Ó kí mi, ó dọ̀bálẹ̀, ó sì dìde kọjú síta.

Mo fa Àdìjátù sí ẹ̀gbẹ́ kan. Mo ní èmi ni mo fà á, ẹ jọ̀ọ́, ẹ darí jì mí. Ó di ọwọ́ mi mú. "Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ ò rán an níṣẹ́. Èmi ni mo rán an. Àmúwá Ọlọ́run ni."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi á béèrè ibi tí ọkọ̀ wà."

Ó fa ọwọ́ rẹ̀ yọ. "Ẹ má sọ ọ́ fún wọn. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Ẹ ní ẹ́ńjìnnì ló bàjẹ́. Irú ẹnu wo la máa fi sọ pé àlejò ni a ń wá oúnjẹ fún tí ọmọ fi kú? Wọ́n á ní a ò gbọ́n. Wọ́n á ní a fi ọmọ bọ àlejò."

Mo ṣèlérí. Ọlọ́run jẹ́rìí mi, mo ṣèlérí fún un.

28 Sẹ̀tẹ́ńbà

Bí mo bá pa irọ́ ẹ́ńjìnnì yẹn, ó lè gba ọkọ̀ fún wọn. Ẹ́ńjìnnì tó bàjẹ́ ló ń fi hàn pé wọ́n nílò òmíràn, àbí? Irọ́ tó dùn ni. Ọlámidé ọmọ mi ní, "Mọ́mì, ta ló máa ṣe ní ibi? Ẹ pa irọ́ náà." Ọmọ ayé òde òní.

Ṣùgbọ́n bí mo bá pa á, lọ́dún tó ń bọ̀ ẹlòmíràn nínú wa á tún lọ sùn síbòmíràn. Wọ́n á tún bi í pé kí ló ń jẹ láàárọ̀.

1 Ọkitóbà

Ọjọ́ òmìnira. Omi ti dé ẹ̀yìn ilé àwọn kan nísàlẹ̀ odò, wọ́n ń fi orí ru máńtírẹ́ẹ̀sì gòkè.

Janet pè. Ó ti gbọ́. Ní Lokoja yìí, bí o bá sín ní Karaworo, wọ́n á kí ọ ní Crusher. "Àǹtí, wọ́n ní obìnrin kan pàdánù ọmọ rẹ̀ ní Ìdí-Oṣè lọ́jọ́ tí ẹ sùn síbẹ̀. Wọ́n ní ọkọ̀ ò sí nílé. Mo ti sọ fún Bùọ̀dá." Ó rọra sọ ọ́, kò fi ṣe mí ní yẹ̀yẹ́. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù. Mo ti fi yàrá tútù rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ kárí ilé.

Oorun ò kùn mí.

5 Ọkitóbà

A ṣe ìpàdé ní pálọ̀ Bàbá. Bùọ̀dá Ṣínà dé láti Àbújá, Janet gbé mọ́ínmọ́ín wá, Obed àbíkẹ́yìn wa wà lórí fóònù láti Kánádà, a gbé e ti ife omi kó lè rí gbogbo wa. A gbàdúrà.

Janet ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ Abẹ́rẹ́ Wúrà. Ó sọ ọ́ dáadáa. Àwọn ọmọbìnrin náà ń rán aṣọ, wọ́n ń tà á, àwọn kan ti ní ṣọ́ọ̀bù tara wọn. Kò sí irọ́ níbẹ̀.

Ó kàn mí. Kí n tó la ẹnu, Bùọ̀dá ní, "Iredélé, ìbéèrè kan ni mo ní. Ẹgbẹ́ tó ní òun ní ọkọ̀ fún aboyún, lọ́jọ́ kan ṣoṣo tí ojú wa wà níbẹ̀, tí aboyún nílò ọkọ̀, níbo ni ọkọ̀ wà?"

Irọ́ yẹn wà lórí ahọ́n mi. Mo wo fọ́tò Bàbá lára ògiri. Mo ní, "Ó lọ ra búrẹ́dì fún mi."

Mo sọ gbogbo ẹ̀. Ọjọ́ tí mo dá fún wọn, bẹ́ẹ̀dì Àdìjátù, tíì àti búrẹ́dì, ọwọ́ Mùtàlíbù lókè. Ẹkún gbé mi lójú wọn bí ọmọdé. Obed ń ní, "Àǹtí, ó tó, ó tó."

Bùọ̀dá ní, "Ó dùn mí. Ṣùgbọ́n ohun tí o sọ yẹn tún burú ju èyí tí mo gbọ́ lọ. Wọ́n fi àlejò ṣáájú aboyún. Ṣé irú wọn la máa fún ní ọkọ̀ kejì?"

Inú bí mi. "Bùọ̀dá, kì í ṣe àlejò lásán ni mí! Àlejò tó máa ń wá sọ́dọ̀ wọn, ohun tó bá wà nílé ló ń jẹ. Èmi ni wọ́n ń wá búrẹ́dì fún, torí ọwọ́ mi ni ọkọ̀ tí wọ́n ń tọrọ wà. Ẹnikẹ́ni nínú wa tó bá lọ, ohun tí wọ́n máa ṣe nìyẹn."

"Òfin Bàbá ni o ń bú yẹn?"

"Mo ń bú ara mi. Bí ó bá kan òfin náà, kó kàn án."

Janet ti ń fi ìka ti mọ́ínmọ́ín sókè sódò nínú àwo rẹ̀. Ló bá ní, "Àwọn ọmọ Abẹ́rẹ́ Wúrà ò jẹ adìyẹ. Gàrí ni wọ́n mu lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Mo gba ẹ̀yìn kíṣìnnì kọjá, mo rí wọn. Ẹ bi mí léèrè nígbà yẹn, Àǹtí, mo dákẹ́."

Obed ní kí á fún Ìdí-Oṣè. Janet ní òun náà gbà, kí tòun dúró di ọdún tó ń bọ̀. Ó wá ku Bùọ̀dá. Ó dìde, ó mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò rẹ̀. "Èmi ò lè fọwọ́ sí i. Ẹ má fi ẹkún fipá mú mi."

Ẹnì kan kọ̀. Ó tán nìyẹn.

6 Ọkitóbà

Àdìjátù pè lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Janet ti lọ kí wọn, ó sì ti ròyìn ìpàdé wa. "Ẹ sọ ọ́."

"Mo sọ ọ́."

"Ẹ ṣèlérí fún mi, Ìyá Ọlámidé."

Ó ní, "Ẹ dójú tì mí, ẹ ò sì rí ọkọ̀ gbà." Ó pa fóònù. Òun tí kì í gbé ohùn sókè sí mi. Mo jókòó sórí àga títí ìrẹsì fi jó.

9 Ọkitóbà

Omi ṣì ń gòkè. Wọ́n ní aboyún méjì ni ọkọ̀ tó ti gbó yẹn gbé lánàá. Mò ń gbàdúrà fún ẹ́ńjìnnì bí ẹni ń gbàdúrà fún ọmọ tó ń ṣàìsàn.

10 Ọkitóbà

Bùọ̀dá Ṣínà pè. Mo ti múra ìjà sílẹ̀. Ó ní kí n jókòó.

Kò tíì padà sí Àbújá. Ó ti lọ sí Karaworo, ilé ẹ̀gbọ́n Ìyábọ̀, níbi tí wọ́n gbé e lọ láti ọsibítù. Mùtàlíbù wà níbẹ̀. Wọ́n gbé àga fún Bùọ̀dá, wọ́n ní ṣé kí wọ́n ra máàlítì. Ó ní rárá.

"Mo bi ọmọkùnrin náà ní ìbéèrè kan, Iredélé. Mo ní bí èmi bá wá sí Ìdí-Oṣè lọ́la, tí mo ní búrẹ́dì ni mo ń jẹ ń kọ́? O mọ ohun tó wí? Ó ní, 'Bàbá, màá lọ rà á.' Lẹ́yìn gbogbo èyí! Ìyàwó ẹ̀ wà lórí ẹní níbẹ̀. Ó ní òun á lọ rà á." Ohùn rẹ̀ já. Mi ò gbọ́ irú ohùn yẹn lẹ́nu ẹ̀gbọ́n mi láti ọjọ́ tí a sin Bàbá. "Ẹ̀rù bà mí. Kí la fi ara wa ṣe lójú àwọn èèyàn yìí?"

Mo ń sunkún, mi ò jẹ́ kó gbọ́.

Ó ní, "Fún wọn ní ọkọ̀. Ṣùgbọ́n kí òfin yẹn kú. Kò sẹ́ni tó máa lọ sùn lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni mọ́ lórúkọ Bàbá wa, Jacob Bámiṣayé. Kí o sì sọ fún Àdìjátù látẹnu mi: ẹni tó wà nínú ewu ló ni ọkọ̀ náà. Ì báà ṣe pé èmi alára ni mo jókòó sínú rẹ̀, kí wọ́n jù mí sílẹ̀."

Mo pe Àdìjátù. Mo jẹ́ iṣẹ́ náà bó ṣe rán mi, mi ò fi kún un. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní, "A dúpẹ́," kò sì ju bẹ́ẹ̀ lọ.

19 Ọkitóbà

A ti rí ọkọ̀. Àlòkù ni, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dún, kò húkọ́. Janet ló ra àwọn ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì, àwọ̀ ọsàn tó ń ta yanyan. Ó wọ ọ̀kan rìn káàkiri pálọ̀ mi, ó ní kí n wo òun bóyá òun lè wọ̀ ọ́ lọ síbi ìgbéyàwó. Ó ti pẹ́ tí mo ti rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn.

26 Ọkitóbà

Mo ní kí n lọ wo ọkọ̀ lẹ́nu iṣẹ́, kí n sì padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Mo gbé iṣu sísè àti ata díndín mi dání nínú kúlà. Mo mọ̀ pé Àdìjátù lè bínú pé mo gbé oúnjẹ wá sílé òun. Kó bínú.

Mùtàlíbù ló gbé mi. Ó dọ̀bálẹ̀, ó gba kúlà lọ́wọ́ mi, ó fún mi ní ẹ̀wù ọsàn náà. Mo bi í pé Ìyábọ̀ ń kọ́? Ó ní ó ti ń jẹun, Mà. Ó wo iwájú, èmi náà wo iwájú. Mo fẹ́ sọ ohun kan fún un láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan wá.

A ti rìn jìnnà díẹ̀ nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Ó ṣí ohùn rẹ̀ sí gbangba kó lè máa tọ́ ọkọ̀ lọ. Ohùn Àdìjátù ni, ó ń sáré. Ìyàwó Òjó ní abúlé kejì, ọmọ fẹ́ fi ẹsẹ̀ jáde, wọ́n ti gbé e dé etí omi. Ọkọ̀ àkọ́kọ́ ti gbé ẹlòmíràn lọ.

Mùtàlíbù ní, "Ìyá Ọlámidé wà nínú ọkọ̀ pẹ̀lú mi."

Ẹnu mi yá láti sọ pé kó máa lọ, pé kó má ro tèmi. Àdìjátù ti ṣáájú mi.

"Sọ̀ ọ́ kalẹ̀."

Ó dorí ọkọ̀ kọ etí àpáta kan tó yọ sókè láàárín omi àti igbó. Kò bẹ̀ mí. Kò ní "ẹ má bínú, Mà." Ó gbá mi lápá mú, ó gbé mi sórí àpáta, ó ju kúlà mi tẹ̀lé mi, ó sì yí ọkọ̀ padà kí n tó dúró dáadáa. Omi ta sí mi lára títí dé àyà.

Mo jókòó sínú oòrùn tèmi ti ẹ̀wù ọsàn mi. Kò sẹ́ni tó mọ ibi tí mo wà ju àwọn méjì yẹn lọ, iṣẹ́ sì wà lọ́wọ́ àwọn méjèèjì. Mo ṣí kúlà, mo jẹ iṣu mi. Ó ti tutù, ó dùn mọ́ mi lẹ́nu bí ohun tí mi ò jẹ rí.